Ìjàpá, Òwìwí àti Ẹranko Márùn-ún Ààbọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Òwìwí adájọ́, ó sì dá lórí gbogbo ẹranko ilẹ̀ Cornwall, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilẹ̀ ti tán pátápátá tó ku òkun.

Ẹ má bi mí pé kí ni Ìjàpá ń wá níbẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn atukọ̀ ti ń gbé ìdílé rẹ̀ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gilbert White, àlùfáà abúlé Selborne, kọ̀wé nípa ọ̀kan tó ń gbé inú ọgbà rẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 1789. Timothy ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ayé kà á sí akọ. Ó di ẹ̀yìn ikú rẹ̀ kí wọ́n tó yẹ ìkarahun rẹ̀ wò tí wọ́n rí i pé abo ni. Ìdílé tó lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún àlùfáà, kí ni kò ní lè fi pamọ́ fún olóṣèlú?

Cornwall nà jáde lára ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹsẹ̀ ẹni tó sùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ kọjá ẹní. Òkun wà lápá òsì, òkun wà lápá ọ̀tún, òkun wà ní ìsàlẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti fẹ́ so mọ́ ilẹ̀ ni odò Tamar ti gé e. Ìtòsí òkun àríwá ni odò yìí ti ṣẹ̀, kò tó kìlómítà mẹ́wàá sí etí omi, ṣùgbọ́n ó kọ̀yìn sí òkun náà, ó ṣàn gba gúúsù lọ títí ó fi dé Plymouth. Díẹ̀ báyìí ló kù kí Cornwall di erékùṣù. Àwọn òpìtàn ní Ọba Athelstan ló fi bèbè ìlà-oòrùn odò náà ṣe ààlà ní 936. Láti ìgbà náà ni ará ìhín ti ń wo ará ọ̀hún, àwọn ará Devon, bí ẹni tí a lè kí ṣùgbọ́n tí a kò ní fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Bí ará Cornwall bá fẹ́ jẹ sikóònù, jáàmù ni yóò kọ́kọ́ fi pa á kó tó gbé kíríìmù lé e. Kíríìmù ni ará Devon máa ń kọ́kọ́ fi sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ lọ bá ọmọ Ìjẹ̀bú jiyàn lórí ìkọ́kọrẹ́ ná.

Láyé àtijọ́, aṣojú 44 ni Cornwall ń rán lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ ní Westminster. Scotland lódindi, 45 ni tirẹ̀. Kì í ṣe pé ẹranko Cornwall pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbò ọlọ́lá ló ni abúlé, ẹni tó bá sì ni abúlé ló ni ìbò inú rẹ̀. East Looe àti West Looe kọjú síra wọn ní bèbè odò kékeré kan. Bí àgbò bá sín ní East Looe, wọn á ti West Looe kí i pé ó kú ara dídá. Síbẹ̀ ọ̀kan ń rán aṣojú méjì, èkejì náà ń rán méjì. Ti Grampound tilẹ̀ tún yàtọ̀. Àwọn ewúrẹ́ olùdìbò ibẹ̀ kì í wo ojú ẹni tó wá tọrọ ìbò, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n jẹ owó náà títí òórùn rẹ̀ fi dé Westminster. Ní 1821, wọ́n gba ìjókòó méjèèjì lọ́wọ́ wọn, wọ́n kó wọn fún Yorkshire. Òfin 1832 wá ya wọlé bí àkúnya, 42 tó kù di 14. Nígbà tó di 1885, ó di 7. Ní 1918, ó di 5. Àwọn ẹranko kéékèèké kò sunkún. Ta ni yóò sunkún ìjókòó tí kò fìgbà kan jẹ́ tirẹ̀?

Ní 2010, wọ́n fi ọ̀kan kún márùn-ún, ó di mẹ́fà. Ẹranko mẹ́ta ló ń du ìjókòó wọ̀nyí: Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó dé fìlà búlúù, Pẹ́pẹ́yẹ ẹlẹ́nu yẹ́lò, àti Àkùkọ ológbe pupa. Lọ́dún náà, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mú mẹ́ta, Pẹ́pẹ́yẹ mú mẹ́ta, Àkùkọ kọ lórí ààtàn rẹ̀ lásán. Ní Westminster, kò sí èyí tí iye rẹ̀ tó láti dá jọba nínú wọn. Ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti Pẹ́pẹ́yẹ bá kó sínú ilé kan náà, wọ́n ní àjọṣe ìjọba ni. Gbogbo ẹran ọ̀sìn tó gbọ́ ọ ń wo Pẹ́pẹ́yẹ lójú. Pẹ́pẹ́yẹ ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé òun ti mú Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tọwọ́ bọ̀wé.

Òfin kan ni tọkọtaya yìí jọ bí ní 2011. Wọ́n ní ìjókòó 650 ti pọ̀ jù, kí ó di 600. Wọ́n ní kí ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan ru iye orí kan náà, kí ó má fi ju 5 nínú 100 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Wọ́n wá yọ àwọn erékùṣù mélòó kan sílẹ̀: Orkney àti Shetland, Na h-Eileanan an Iar, àti Isle of Wight. Ẹni tí omi yí ká pátá, wọ́n bọ̀wọ̀ fún omi rẹ̀. Ẹni tí omi yí ká tó ku díẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò ni wọ́n gbé jáde sí i.

Òwìwí ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Lórí ìwé, Abẹnugan Ilé ni alága àwọn apààlà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kì í bá wọn jókòó. Adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ni igbákejì rẹ̀ tó ń darí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Òwìwí ṣe dé irun funfun, tó gun orí igi lọ. Kò gbọdọ̀ wo ẹni tí ẹranko ń dìbò fún. Ìyẹn kò nira fún un, ẹyẹ tó ń fi ọ̀sán sùn, kí ni yóò rí? Mo fẹ́ràn Òwìwí o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣòfin tó fẹ́ wọlé ìbò ni wọ́n ń fọwọ́ ara wọn fa ìlà tí wọn yóò gbà wọlé. Ẹyẹ tó ń fi ojú oorun ṣírò sàn ju ìyẹn lọ dáadáa.

Òwìwí kà, ó tún un kà. Ó ní, “Cornwall, márùn-ún ààbọ̀ ni yín.”

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo ẹranko lẹ́nu.

“Bí mo bá pín yín sí márùn-ún, ẹrù kọ̀ọ̀kan yóò wúwo jù. Bí mo bá pín yín sí mẹ́fà, yóò fúyẹ́ jù. Márùn-ún ààbọ̀ ni.”

Àgùntàn na ẹsẹ̀ sókè. Ó béèrè pé báwo ni a ṣe ń rán ààbọ̀ ẹranko lọ sí Westminster, ṣé apá orí ni tàbí apá ìrù? Ẹlẹ́dẹ̀ ní bí ó bá jẹ́ apá orí ni, yóò máa sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò ní lè jókòó. Bí ó bá jẹ́ apá ìdí ni, yóò jókòó dáadáa, kò sì ní sọ nǹkan kan, àti pé irú ìyẹn ti pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òwìwí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Devon náà ní ààbọ̀ kan tó ṣẹ́ kù, òun yóò so ààbọ̀ pọ̀ mọ́ ààbọ̀: Bideford ti Devon, Bude ti Cornwall. Orí ní ìhín, ìrù ní ọ̀hún, odò Tamar ní ìbàdí. Devonwall ni àwọn ará ibẹ̀ sọ ẹran abàmì náà, n kò sì gbọ́ pé ẹnì kankan fi orúkọ yẹn sọ ọmọ.

Ariwo ti ń sọ kí òfin náà tó jáde pàápàá. Ní oṣù kẹwàá 2010, ẹranko rọ́ lọ sí Saltash, lẹ́nu afárá odò Tamar, wọ́n gbé àsíá dúdú alágbèélébùú funfun dání, wọ́n ní àwọn kò ní gbà kí wọ́n gé Cornwall. Olórí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní tirẹ̀ gbọn ìrù, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ o, Tamar ni, kì í ṣe Amazon!” Ẹ má rò pé èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí sí ẹranko lẹ́nu. David Cameron, olórí ìjọba nígbà náà, ló sọ ọ́.

Nígbà tí Òwìwí wá fa ìlà náà tán ni Kannakánná Ẹlẹ́sẹ̀-Pupa bọ́ síwájú. Ẹyẹ yìí ni wọ́n yà sórí àmì ilẹ̀ Cornwall. Wọ́n ní nígbà tí Ọba Arthur kú, inú rẹ̀ ni ẹ̀mí ọba náà wọ̀. Èyí kò ní kí ó má tán lórí ilẹ̀ náà: ọ̀kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀ dàwátì ní 1973, àfi ní 2001 tí mẹ́ta fò wọlé fúnra wọn, tí wọ́n bà sí etí òkun ní Lizard. Ẹyẹ tó bá ti di òdo rí mọ ohun tí kíkà ń jẹ́. Ó bà sórí òkúta ní bèbè odò, ó gbé e lórin:

Lílé: Òwìwí tó ń fi òru ṣírò o,
Ègbè: Ṣàn, Tamar, máa ṣàn.
Lílé: O ka ìyẹ́, o ka èékánná,
Ègbè: Ṣàn, Tamar, máa ṣàn.
Lílé: O ní mo ku ààbọ̀ kí n tó pé,
Ègbè: Ṣàn, Tamar, máa ṣàn.
Lílé: Abiyamọ wo ló bí ààbọ̀ ọmọ?
Ègbè: Ṣàn, Tamar, máa ṣàn.
Lílé: Máa fàlà lọ, omi á pa á rẹ́,
Ègbè: Ṣàn, Tamar, máa ṣàn.

Ibi tí orin gbé ń lọ lọ́wọ́ ni Ìjàpá dé. Wọ́n ní nígbà tó ń kúrò nílé, aládùúgbò bi í pé ìgbà wo ni yóò padà. Ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Ó dúró lẹ́yìn èrò, kò gbe orin. Ohun tí Òwìwí ń sọ ló tẹ́tí sí. Òwìwí ń sọ pé ẹnikẹ́ni tí ìlà náà kò bá tẹ́ lọ́rùn kó kọ lẹ́tà wá, tàbí kó wá sọ tẹnu rẹ̀ ní gbangba. “Ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ ẹgbẹ́ fún mi. Ẹ sọ ti odò yín, ti ọ̀nà yín, ti ọjà yín, ẹ sọ ẹni tó ń bá ẹni ṣe. Ìyẹn nìkan ni òfin ní kí n gbọ́.”

Ìjàpá rẹ́rìn-ín sínú ìkarahun. Iṣẹ́ ti dé.

Lóru ọjọ́ náà, ó kan ilẹ̀kùn Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ fẹ́ kí ìlà gbà?” Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi ìka han án lórí máàpù: kó yí abúlé àwọn àgbà ẹran ká, kó fo àdúgbò àwọn òròmọdìẹ. Ìjàpá ní, “Háà! Ibẹ̀ gan-an ni àwọn baba ńlá yín ti ń gbà lọ sọ́jà.” Ó gba owó. Ó lọ sọ́dọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ. “Ìyá mi, níbo ni?” Pẹ́pẹ́yẹ ní kó gba etí adágún gbogbo. “Ẹ wò ó, àfi bíi pé ìyá yín àgbà ló fẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà náà.” Ó gba owó. Àkùkọ kò ní owó púpọ̀, ó fi àgbàdo san án. Ìjàpá gba àgbàdo, ó sì wá ìtàn tó tó iye àgbàdo fún un.

Mo ti ń ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tipẹ́, mo sì lè sọ fún yín pé wọn kì í dárúkọ ìbò. Ìwà ọmọlúàbí ló kún inú wọn: ilé ìwé tí ọmọ ń lọ, ilé ìwòsàn, ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ìfẹ́ tó wà láàárín abúlé méjì. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ìfẹ́ náà kì í kọjá ibi tí ìbò ẹni tó kọ̀wé ti tán.

Kí Òwìwí tó ka lẹ́tà tán, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé tọkọtaya. Pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ kí wọ́n tún Ilé Àwọn Olóyè ṣe, níbi tí àwọn arúgbó ẹran ń jókòó láìsí ẹni tó dìbò yàn wọ́n. Àwọn ọmọ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ní bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun náà kò ní bá wọn fọwọ́ sí ìlà tuntun mọ́. Nígbà tó di oṣù kìíní 2013, wọ́n dìbò, wọ́n ti máàpù Òwìwí sẹ́yìn. Ní Cornwall, ijó bẹ́: wọ́n ní orin Kannakánná ti ṣiṣẹ́, omi ti pa ìlà rẹ́. Omi kankan kò pa á rẹ́ o. Ìbínú Pẹ́pẹ́yẹ ni.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń fi pẹ́pẹ́yẹ ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ ìdìbò 2015 mọ́, wọ́n ka Pẹ́pẹ́yẹ káàkiri ilẹ̀ Bìrìtìkó: 57 ló wọlé sùn, 8 ló jí. Ní Cornwall, ìyẹ́ nìkan ni wọ́n bá. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó tún mú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní 2017 àti 2019.

Òfin 2011 kò tíì kú ní gbogbo àkókò yìí. Ní 2016, Òwìwí tún gun igi, ó tún kà. Ó tún ní wọn kò pé. Lọ́tẹ̀ yìí ó fi Launceston kún ẹran abàmì náà, ó di Bideford, Bude and Launceston. Kannakánná tún gbé orin rẹ̀, ègbè sì ròkè ju ti tẹ́lẹ̀, nítorí láti 2014 ni ìjọba ti gbà pé àwọn ará Cornwall jẹ́ ẹ̀yà tó dá dúró, tí a gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún bí a ti ń ṣe fún àwọn ẹ̀yà Celt yòókù. Ìwé ọ̀wọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìlà wà lọ́wọ́ òsì.

Òwìwí pe ìjókòó ìtagbangba. Ó kó lẹ́tà mẹ́ta jáde.

“Lẹ́tà Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀: ‘Láti ìwáṣẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń ná ọjà Bodmin.’ Lẹ́tà Pẹ́pẹ́yẹ: ‘Láti ìwáṣẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń ná ọjà Launceston.’ Lẹ́tà Àkùkọ ará Camborne: ‘Láti ìwáṣẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń ná ọjà Launceston.’” Ó gbé ojú sókè. “Àkùkọ, láti Camborne, lẹ́bàá ìpẹ̀kun ilẹ̀, ṣé Launceston lo ti ń lọ ra àgbàdo?”

Àkùkọ wo Ìjàpá. Ìjàpá wo ilẹ̀. Àkùkọ ní, “Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Olúwa mi.”

“Ta ló kọ lẹ́tà wọ̀nyí?”

Ìjàpá rí i pé ojú ti ń wá òun. Ó bọ́ síwájú fúnra rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí Òwìwí. “Olúwa mi, kábíyèsí àwọn onímọ̀, ẹ wo ìkarahun mi. Ẹ rí i pé àwọn ìlà wà lórí rẹ̀. Ẹkùn ti àárín tóbi, ti etí kéré, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni. Ta ló sọ pé ohun tó bá jẹ́ ọ̀kan gbọ́dọ̀ dọ́gba?”

Gbogbo ẹranko pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dára, àní ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí Ìjàpá nígbà mìíràn. Òwìwí fò sọ̀kalẹ̀, ó fa okùn ìwọ̀n yọ, ó wọn ẹ̀yìn Ìjàpá láti ọrùn dé ìrù.

“Ti àárín fi ju ti etí lọ kọjá 5 nínú 100. Kò bófin mu. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ kí n tún un fà.”

Kí wọ́n tó wá kálámù, Ìjàpá ti fa orí bọlé, ó ti yí gbirigbiri dé ìsàlẹ̀ òkè. Nígbà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá a, ó ṣàlàyé fún Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ kọ lẹ́tà àwọn ọ̀tá rẹ̀ kí ó lè burú ni. Ó sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún Pẹ́pẹ́yẹ àti Àkùkọ. Wọ́n gbà á gbọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní 2018, Òwìwí parí máàpù kejì, ó fi ránṣẹ́ sí Westminster. Inú àpótí ni wọ́n jù ú sí. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò ní iye tó lè fi mú un wọlé láti 2017, n kò sì rò pé ẹni tó ti jẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán ní Cornwall ń sáré àtidín in kù.

Àfi bí òfin mìíràn ṣe jáde ní 2020. Ó ní kí ìjókòó dúró ní 650, wọn kò dín in mọ́. Orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta 2020 ni Òwìwí yóò kà. 73,393 ni òṣùwọ̀n. Ẹkùn tó bá kéré ju 69,724 tàbí tó ju 77,062 lọ kò bófin mu. Òwìwí kà. Cornwall, pẹ̀lú erékùṣù Scilly, pé mẹ́fà. Ìlà kò kọjá odò. Ó wá kù sọ́wọ́ Devon láti wá ibi tí yóò gbé àṣẹ́kù tirẹ̀ gbà. Ìlà-oòrùn ló kọjú sí, wọ́n so apá kan rẹ̀ mọ́ Somerset, wọ́n pè é ní Tiverton and Minehead. Àwọn ẹranko Cornwall tó ti fi ọdún mẹ́wàá kọrin pé kò yẹ kí a gé ilẹ̀ baba ẹni, wọn kò kọ ìlà orin kan fún Devon.

Ijó ni wọ́n ń jó. Kannakánná fò lọ bá Òwìwí lórí igi. “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gbọ́ orin wa lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.”

Òwìwí la ojú kan. “Orin wo?”

“Orin odò.”

“Ọmọ mi, n kì í ka orin. Ìjókòó pọ̀ sí i, orúkọ inú ìwé náà pọ̀ sí i, ẹ pé mẹ́fà. Bí ẹ bá tún dín, màá tún sọdá. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ìbò Ilé mọ́, kò sí àpótí tí wọn yóò jù ú sí: òfin 2020 ti ní ohun tí mo bá fà kó di àṣẹ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ parí kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2031. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún mẹ́jọ mẹ́jọ.”

Kannakánná dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Bàbá, ẹ bá mi wo orúkọ tèmi.”

Òwìwí ṣí ìwé. Kò rí i. Láti ìgbà tí ilé ti gbówó lórí ní St Ives ni Kannakánná ti ń kó láti ihò àpáta dé ihò àpáta, kò sì rántí kọ orúkọ sílẹ̀ ní èyíkéyìí. Orúkọ Ajá-Lọ́ńdọ̀nù wà níbẹ̀ ní tirẹ̀. Ajá yìí ní ilé ìsinmi kan tó kọjú sí òkun. Ó ń wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń ti ilẹ̀kùn títí di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wà nínú ìwé ní Cornwall, òfin sì lè gbà bẹ́ẹ̀, bí kò bá ṣáà dìbò lẹ́ẹ̀mejì fún Ilé Ìgbìmọ̀. Ní 2016, àwọn ará St Ives dìbò, ó ju 80 nínú 100 lọ tó ní kí ilé tuntun má bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní máa gbé inú rẹ̀. Ti ilé tuntun nìyẹn o. Ti Ajá ti wà tẹ́lẹ̀.

Ehoro tó ń gbọ́ wọn nísàlẹ̀ igi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń yí nílẹ̀. “Ṣé ẹni tó kọrin kò sí nínú wa, ẹni tí kò sí nílé ló wá mú wa pé?” Kannakánná kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó gbé orin, ohùn rẹ̀ kò ròkè bíi ti àtẹ̀yìnwá:

Lílé: Mo sọkún odò, mo gbàgbé ìwé,
Ègbè: Ṣàn, Tamar, máa ṣàn.
Lílé: Ajá lọ sílé, ó ṣẹ́ orúkọ kù,
Ègbè: Ṣàn, Tamar, máa ṣàn.
Lílé: Ẹ bá n wá kálámù kí 31 tó pé,
Ègbè: Ṣàn, Tamar, máa ṣàn.

Ìjàpá ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló wà. Ó ń gba ẹ̀bùn. Ó ní lẹ́tà òun ló dá ìlà dúró. “Ẹ̀gbọ́n, ẹkùn mẹ́fà lẹ ní, ẹkùn mẹ́fà náà nìyí, ìlà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ìlà, tiyín ni.” Inú Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dùn, ó ra mọ́tò fún un. Ìjàpá ránṣẹ́ pe Yánníbo láti ilé. Láti ọjọ́ náà, kò fẹsẹ̀ rìn mọ́. Bí ó bá fẹ́ lọ yá iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, mọ́tò ni yóò wọ̀.

Ọjọ́ kẹrin oṣù keje 2024, wọ́n dìbò. Ìlà kò kúrò lójú kan. Àwọn ẹranko inú rẹ̀ ló kúrò. Àkùkọ mú mẹ́rin. Pẹ́pẹ́yẹ, tí ìyẹ́ rẹ̀ ti tún hù, mú méjì. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ka ọwọ́ rẹ̀, ó tún un kà bí Òwìwí ti ń kà, òdo ló bá níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti gbọn ìrù, ó dorí kọ ilé Ìjàpá.

Ìjàpá ti gbọ́ rédíò. Ó ti ti Yánníbo sínú mọ́tò, ó ti ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà Saltash. Ó dé afárá Tamar, èyí tí wọ́n ṣí ní 1961, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá rélùwéè tí onímọ̀ ẹ̀rọ Brunel kọ́. Ó rí i pé géètì wà níbẹ̀. Lórí afárá yìí, mọ́tò tó ń wọ Cornwall kì í san kọ́bọ̀. Èyí tó ń jáde ló ń sanwó. Ẹyẹ etí òkun, àwọn tó ń já páì ẹran gbà lọ́wọ́ arìnrìn-àjò, ni wọ́n fi ṣe agbowó.

“Owó afárá,” ni ẹyẹ wí.

Ìjàpá yẹ àpò wò, kò rí nǹkan kan. Yánníbo sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn kì í sanwó níbí, pé ṣe ni ìbá jẹ́ kí àwọn máa fẹsẹ̀ wọn rìn bọ̀ láti àná. Ìjàpá ní kó dákẹ́. Ó yọ orí jáde lójú fèrèsé, ó tún ohùn ṣe.

“Ẹ̀gbọ́n agbowó, owó kí ni? Ẹni tó bá kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn ló ń sanwó. Èmi kò lọ ibì kankan. Adájọ́ Òwìwí fọwọ́ ara rẹ̀ fà á sórí máàpù, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pé ìhín àti ọ̀hún odò yìí lè jẹ́ ilẹ̀ kan náà. Ta wá ni ẹ jẹ́ tí ẹ ó fi géètì sí àárín ilẹ̀ kan ṣoṣo?”

Ẹyẹ wo ẹ̀yìn mọ́tò. Eruku ń bọ̀ lókèèrè, ìrù pupa kan wà nínú rẹ̀.

“Òótọ́ lẹ sọ,” ni ẹyẹ wí. “Bí ilẹ̀ kan náà bá ni, ẹ yí mọ́tò padà sí apá ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Wọn kì í gba owó níbẹ̀.”